Wọ́n Ní Kí N Fi Áyọ́ọ̀nù Jó Áyọ́ọ̀nù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, kí ẹ sọ fún mi bóyá èmi ni orí mi ò pé tàbí ayé ló fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Ọkùnrin kan lọ ra ọkọ́ lọ́jà. Ó délé, ó tú u, ó bá irin lọ́tọ̀, ó bá èèkù lọ́tọ̀, ó wá rí ìwé pélébé kan níbẹ̀ tó ní kó mú ọkọ́ rẹ̀, kó fi gbẹ́ ihò tí irin náà máa wọ̀. Ọkọ́ wo? Ṣebí nítorí pé kò ní ọkọ́ ló ṣe lọ sọ́jà! Ṣé ẹ̀yin á dákẹ́? Èmi ò dákẹ́ o. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an nìyẹn, àfi pé tèmi kì í ṣe ọkọ́. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ni.

Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe ní Ọ̀fà níbí. Rédíò kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Fáànù ń bẹ níbẹ̀, ṣájà ń bẹ níbẹ̀, láńtà tí wọ́n ń ṣájì, ampilifáyà mọ́ṣáláṣí, ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ohun tó bá ti dákẹ́ lójijì nílé olówó àti tálákà ni wọ́n ń gbé wá bá mi, wọ́n á sì ti sọ fún mi látẹnu ọ̀nà pé "nǹkan kékeré ló ṣe é o", bí ẹni pé àwọn ni dókítà tí èmi wá jẹ́ ẹni tó ń bá wọn gbá ilẹ̀ ọsibítù. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lo áyọ́ọ̀nù 60 wáàtì kan, irú èyí tí ẹ kàn máa ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa gbóná lọ láìmọ ìgbà tó yẹ kó dúró, bí ìyá ọkọ tí wọn ò kí láàárọ̀. Kò ní nọ́ńbà, kò ní ojú, kò mọ 200 yàtọ̀ sí 500. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbóná, mo máa ń fi kan kànrìnkàn tútù. Tó bá ti dún ṣọ̀ọ̀, ó ti yá nìyẹn.

A sì ń jẹun níbẹ̀, a ń mu níbẹ̀, títí fóònù fi dé. Láyé rédíò, rẹ̀sístọ̀ kan tó ẹ̀wà ọlọ́yin méjì tí wọ́n tò mọ́ra, ẹ ó fi ọwọ́ mú un. Ti inú fóònù kéré ju ẹyin iná orí lọ, ọ̀nà bàbà tó gba orí pánẹ́ẹ̀lì kọjá sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Lọ́jọ́ kan ni mo kan áyọ́ọ̀nù mi mọ́ pánẹ́ẹ̀lì fóònù ọmọbìnrin kan, ọ̀nà bàbà náà sì ṣí kúrò nílẹ̀ bí awọ ẹja tó pẹ́ lórí iná. Ẹkún tí ọmọ yẹn sun! Ó ní gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló wà nínú ẹ̀. Ìyá rẹ̀ dé. Bàbá rẹ̀ dé. Ìyàwó tí wọ́n gbé gan-an dé. Àlùfáà tó so yìgì náà nìkan ni kò dé, òun náà ránṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Pólì wa, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Òun ló kó mi sí wàhálà yìí, Ọlọ́run á sì bi í. Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi iná ọ̀run jó fóònù olóhun. Áyọ́ọ̀nù tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ lẹ nílò." Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní ilé iṣẹ́ Hakko ní Jàpáánù, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1952, ní ẹnu áyọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní T12. Pé inú ẹnu náà gan-an ni ohun tó ń gbóná àti ohun tó ń wọn ooru jọ wà. Pé pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan á ránná sí i, á dáwọ́ dúró fìrí, á wò ó bó ṣe gbóná tó, á tún ránná sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi, bí obìnrin tó ń ro ọkà tó ń fi ọwọ́ kan án wò, débi pé tí ẹ bá ti ní 350 lẹ ń fẹ́, 350 náà ló máa dúró sí. Mo ní ó dáa. Mo ní èló? Ó ní ògidì rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ń ta èyí tí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, ogún dọ́là péré.

Péré! Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dìde, kí n bọ́ síta, kí n máa lọ?

2022 la wà nígbà yẹn. Dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì, ogún dọ́là kò tó ẹgbàárùn-ún. Mo ra kóló, mo ń ju owó sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó sùn, mo ń rò ó jí. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2023, ìjọba ní kí dọ́là máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ta ló rìn? Eré ló sá! Bí kóló mi bá ti fẹ́ dé ibi tó wà lánàá, ó ti ṣí kúrò níbẹ̀, mo fi owó tọ́ọ̀ṣì kún un, mo fi owó fáànù kún un, mo fi owó ẹran iléyá kún un, mo tún wò, dọ́là ti gun òkè téńté ó ń bojú wò mí. Kí 2024 tó parí, ọ̀kan ti lé ní 1,500 náírà, ogún dọ́là mi ti di ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fà la bí mi sí o, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìjàkadì, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọmọ Ọ̀fà kan tó gbé dọ́là lulẹ̀.

Mo sọ iye rẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ mi. Àṣìṣe mìíràn.

"Bàbá Ìbejì, áyọ́ọ̀nù ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ṣé fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ aṣọ ni?"

Mo ní rárá o, kì í lọ aṣọ.

"Kì í lọ aṣọ?"

Ó dákẹ́. Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ mọ irú dídákẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti mú agbádá Jímọ́ọ̀ mi sílẹ̀ fún un, á ní kí n rọra, kí n dúró de áyọ́ọ̀nù Ṣáínà. Oṣù méjì gbáko ni mo fi wọ agbádá tó rún bí ojú ọmọ tuntun lọ kírun, tí àwọn tó wà ní sáàfù ẹ̀yìn ń fi mí ṣe àpèjúwe.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti bí ẹrù náà ṣe rìn dé. Rélùwéè ti gba Ọ̀fà kọjá kí 1910 tó pé. Ẹni tó bá wọkọ̀ ojú irin láti Èkó, Ọ̀fà ló máa kọ́kọ́ kàn kó tó kan Ìlọrin, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹrù tèmi wá láti Ṣáínà, ó gba òkè òkun, ó dé Èkó, ó jókòó sí Èkó bí ẹni pé ó ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀, ó wá gbéra, ó di Ìlọrin! Wọ́n pè mí láago pé kí n wá gbà á. Mo ní ṣé ẹ ò lè gbé e wá sí Ọ̀fà ni? Ẹni tó wà lórí fóònù ní, "Ọ̀fà dà?" Ẹ gbọ́ o! Ìlú Ọlọ́fà! Ló ní dà! Mo wọ mọ́tò lọ, mo wọ mọ́tò bọ̀, owó mọ́tò ò sì sí nínú ogún dọ́là yẹn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbà tí mo tú u, mo rò pé wọ́n ti jà mí lólè lójú ọ̀nà. Àpótí kò sí. Ohun tó máa gbé iná wọ inú rẹ̀ kò sí. Pánẹ́ẹ̀lì kan ló wà níbẹ̀ tó tó páálí ìṣáná, ojú kékeré kan tó máa ń fi nọ́ńbà hàn, ìdìmú kan tó ṣófo bí egungun adìyẹ tí wọ́n ti fà mu, wáyà márùn-ún, ẹnu T12 kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọ̀rá tó kún fún wóróbo wóróbo bí ẹni pé wọ́n gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn tán ni wọ́n dà á sí i. Ìwé tó bá a wá, èdè Ṣáínà látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sókè sí i kó bá wa túmọ̀, fóònù sì ń sọ̀sọkúsọ: "Kí ọkọ wọ inú aya, kí ẹsẹ̀ márààrún pé." Ó ní ojú wáyà tó máa wọ inú ara wọn ló ń sọ, pé èyí tó yọ ṣóńṣó ni ọkọ, èyí tó ní ihò ni aya. Ìyá Ìbejì tó ń gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá kò gbọ́ àlàyé yẹn o. "Ẹsẹ̀ márààrún" nìkan ló gbọ́. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

A wá dé orí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ní ìwé: mú áyọ́ọ̀nù rẹ, kí o jó gbogbo rẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì.

Mo ní kó tún un túmọ̀. Ó tún un túmọ̀. Mo ní kó yí ìwé náà po. Ó yí i po. Áyọ́ọ̀nù náà ni! Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá ní áyọ́ọ̀nù tó lè jó nǹkan wẹ́wẹ́ báyìí láìba nǹkan jẹ́, kí ni mò ń wá lọ sí Ṣáínà? Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé kódà Ernst Sachs, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áyọ́ọ̀nù oníná tà ní 1921, tó dá ilé iṣẹ́ Ersa sílẹ̀, òun náà á ti lo nǹkan kan kó tó ní tirẹ̀. Mo ní mo mọ ohun tó lò. Ohun tí àwọn tó ń jó kẹ́tùlù àti garawa nígbà èwe wa ń lò ni, orí bàbà ńlá tí wọ́n á ki bọ inú ẹyín iná, tí wọ́n á máa fẹ́ ewìrì sí, tó sì mọ́ tónítóní, tí kò béèrè dọ́là kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó lọ bá mi ra èédú wá ká parí ẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Bí mo ṣe gbé áyọ́ọ̀nù 60 wáàtì mi sílẹ̀ nìyẹn láti fi tò áyọ́ọ̀nù tuntun. Ẹ fojú inú wò ó kẹ̀: ìyáálé ni wọ́n ní kó dirun fún ìyàwó tuntun. Ṣé inú rẹ̀ máa dùn? Ó jó ọ̀kan, ó gé ọ̀kan jẹ. Ó da lẹ́ẹ̀dì lé ẹsẹ̀ méjì pọ̀ tí n kò ní kó pa pọ̀. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta kí n parí, ó dákẹ́, kò gbóná mọ́, ó tutù nini bí ọwọ́ ẹni tó jẹ gbèsè, mo sì ní láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún alátùn-únṣe fóònù tó wà ní òdì kejì títì, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ nídìí iṣẹ́, kó yá mi tirẹ̀. Ó yá mi. Ó sì jókòó tì mí, ó ń wò ó, ó ń ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o, ẹ rọra."

Lẹ́ẹ̀dì pàápàá ò jẹ́ kí n gbádùn. Lẹ́ẹ̀dì gidi, tíìnì ọgọ́ta, òjé ogójì, tó bá ti kan 183 dígírì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tó bá fi máa tó 190 ó ti di omi. Èyí tí wọ́n tà fún mi kò mọ 190. Òjé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti sùn, ó ń fà bí ilá, kò tàn, kò lẹ̀, mo sì fi imú mi gbọ́ gbogbo èéfín rẹ̀. Jọ́ọ̀sì níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wa tíìnì láti ayé òyìnbó, wọ́n fi rélùwéè kó o kọjá títí, orílẹ̀-èdè tó ni tíìnì nílẹ̀ wá ń ra lẹ́ẹ̀dì tí kò ní tíìnì nínú. Ta ni kí n fi ẹjọ́ sùn?

Ti iná ọba, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́. Ó dáa, kí n sọ ọ́. Wọ́n ti pín gbogbo wa sí bándì bí ẹ̀wù àgbàlagbà. Àwọn tó wà ní bándì A á máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sì ní kí wọ́n máa san 225 náírà lórí yúníìtì kan. Èmi ò sí ní A. Mi ò sí ní B. Tí mo bá wo bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò wa, ó dà bíi pé lẹ́tà tiwa ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ABD, wọn ò tíì kà á dé ibẹ̀. Tó bá dé, yóò dé ní agogo méjì òru, màá dìde, màá fọ ojú, màá jókòó, màá mú ẹ̀mú kékeré, màá mú rẹ̀sístọ̀ tí n kò lè rí dáadáa, màá di èémí mú, wọ́n á sì mú iná wọn lọ.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀sán ni iná dé, ẹ wo ti fáànù. Mo tan fáànù, gbogbo wóróbo wóróbo yẹn fò bí ìyẹ́ adìyẹ lójú oyé, mo wólẹ̀, mo ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ kiri bí afọ́jú tó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Mo pa fáànù, òógùn bọ́ láti iwájú orí mi, ó kán sórí pánẹ́ẹ̀lì, ó dún ṣàá. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ̀yìn mi nìkan, kó má fẹ́ iwájú. Ó fẹ́ ẹ dáadáa. Ó wá sín.

Ìkíni ló burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í ráhùn lórí ìkíni. Ẹ gbọ́ ná. Mo ti mú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ òsì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀mú kékeré wà láàárín eyín mi, ẹsẹ̀ wáyà náà ti fẹ́ jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Ìyá kan kọjá: ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní "ùn-ùn" láti inú ẹ̀mú. Ó dúró. Ó ní ṣé kò sí nǹkan? Ó ní ṣé àlàáfíà ni ìyàwó? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo yọ ẹ̀mú lẹ́nu, mo dáhùn, ó lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn: ẹ kú ìjókòó o. Ẹlòmíràn: ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú oòrùn yìí, ẹ kú àìríná, ẹ kú ọ̀wọ́n epo. Bàbá àgbàlagbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló wá yọ sí mi láìrò tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ó ni? Mo wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Yorùbá, mo sì gbàgbé pé áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi. Itan mi ló kọ́kọ́ kí i. Igbe tí mo ké, bàbá ní, "Dìde ọmọ mi, dìde, ìkíni yìí ti pọ̀ jù." Ó ń ròyìn mi káàkiri ìlú títí di òní pé èmi ni ọmọ tó mọ àgbà kí jù lọ ní àdúgbò. Àpá ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Mi ò lè fi hàn yín, ibi tó wà kò dáa.

Ó parí ṣá. Gbogbo rẹ̀ jókòó sójú ibi tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ sí, ó kan ku ẹyọ kan. Nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ bí ìdodo ọmọ tuntun, ó dán bíi wúrà, ó ní ẹsẹ̀ méjì, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára. Mo mì í sétí, ó dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ṣe ìdánwò. Mo wo pánẹ́ẹ̀lì, kò sí ihò tó ṣẹ́kù fún un. Mo wo ìwé, ìwé ń wò mí. Mo ronú títí, ó wá yé mi: ènì ni! Wọ́n rí i pé ojú mi ti rí tó, wọ́n fi ènì sí i fún mi, bí ìyá oníẹ̀wà ṣe máa ń bu ìdajì ṣíbí lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ṣàánú mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì dúpẹ́. Mo gbé ènì mi sí ojú fèrèsé.

Iná tó máa mu ló kù. Ó ń fẹ́ fólítì 24. Mo ní ṣájà láptọ́ọ̀pù kan tí oníbàárà kan gbé sílẹ̀ tí kò padà wá mọ́, fólítì 19 ló ń gbé jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣírò rẹ̀ fún mi kó tó lọ ṣe ìdánwò: óòmù bíi 8 ni T12, 24 lọ́nà 24, ẹ pín in sí 8, wáàtì 72, 19 lọ́nà 19, ẹ pín in sí 8, wáàtì 45. Ẹ rí nǹkan! Mo fi wáàtì 60 sílẹ̀, mo fi ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, owó mọ́tò, àti itan ọ̀tún lé e, kí n lè wá ní wáàtì 45. Ó ní 45 yìí ju 60 tèmi lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jó gan-an ni ooru ti ń jáde, kò rìn jìnnà. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ ò rí i? Ká sì fẹ́ fi ṣájà náà dán an wò, iná lọ.

Ọlọ́kadà kan ní ilé wa ló gbà mí. Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ fólítì 12. Mo yá méjì, tirẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ó di 24, ni n bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Ìgbóminà, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi: ó tàn! Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú rẹ̀, 90, 160, 240, kí n tó pe Bísímílà dé ìparí ó ti kan 350, ó sì dúró síbẹ̀, kò kọjá, kò rẹlẹ̀. Mo fi kan lẹ́ẹ̀dì gidi tí mo tọrọ, ó yọ́ bí òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára. Mo pe Ìyá Ìbejì kó wá wò ó. Ó wá. Ó wò ó. Ó ní, "Ó kéré." Ó padà lọ sídìí ànàmọ́ tó ń sè. Kò dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tó lè dùn mí.

Mo gbé fóònù kan sílẹ̀. Mo jó ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó dán. Mo jó ìkejì. Mo dé ìkẹjọ, lẹ́ẹ̀dì kọ̀, kò yọ́ mọ́, áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Mo gbójú sókè. Nọ́ńbà ti ń wálẹ̀, 280, 230, 190, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú mi gbàgàdà. SLEEP.

Ó ń sùn!

Èmi tí n kò sùn láti ọjọ́ kẹrin! Èmi tí mo ń dìde ní agogo méjì òru! Èmi tí mo jókòó tì í bí ìyá ìkókó, tí mo fi òógùn wẹ̀ ẹ́, tí mo dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, òun ló ń sùn, nínú iṣẹ́, níwájú oníṣẹ́, pẹ̀lú bátìrì ọlọ́kadà tó fẹ́ jáde ní ìdájí! Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀, ó jí. Mo jó ẹsẹ̀ díẹ̀, ó tún sùn. Mo yí i, ó jí. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi dé, mo ní kó wá wo ọ̀lẹ tó bá mi wá láti Ṣáínà.

Ó wò ó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, pé tó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mì ín, á gbà pé wọ́n ti gbé òun jókòó, á fi iná pamọ́ kí ẹnu rẹ̀ má bàa jó. Mo ní èmi ń mì ín, ọwọ́ mi ló wà! Ó ní, "Bàbá kékeré, ohun tí yóò fi mọ̀ pé ẹ ń mì ín ńkọ́? Inú ìdìmú ló yẹ kó wà. Nǹkan kékeré kan tó ń dán, tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ sójú fèrèsé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó mọ́ fónífóní.

"Ìyá Ìbejì! Ènì mi tó wà níbí dà?"

"Ènì wo? Pàǹtí yẹn? Mo ti gbá a sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀."

Ẹ̀yìnkùlé wa ni adìyẹ ìyá alákàrà máa ń jẹ̀ sí. Mẹ́fà ni wọ́n. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá gbogbo ilẹ̀, mo fi asẹ́ sẹ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀, mi ò rí i, àwọn adìyẹ náà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan pupa láàárín wọn kò jẹ́ kí ojú àwa méjèèjì pàdé. Mo rọra mú un. Mo gbé e sétí, mo di èémí mú, mo mì ín. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún mì ín díẹ̀ sí i, ibẹ̀ ni ìyá alákàrà ti gbé àwo ẹ̀wà jáde, ó dúró, ó wò mí, ó wo adìyẹ, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o."